Ẹyọ Owó Jámánì Ayé Hitler: Èwo Ló Ṣọ̀wọ́n, Èwo Ni Ayédèrú?

Ìbéèrè: Manchester ni mò ń gbé. Mo ra àpò kékeré kan tí owó àtijọ́ wà nínú rẹ̀ ní ọjà orí pápá tí wọ́n máa ń ná láàárọ̀ Sunday, £60 ni mo san. Owó Jámánì ni gbogbo rẹ̀. Ẹyọ ńlá kan wà tí wọ́n kọ 5 Reichsmark àti 1936 sí, orí bàbá àgbàlagbà kan ló wà lára rẹ̀. 2 Reichsmark ti 1937 wà níbẹ̀, 1 Reichsmark ti 1939 náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn kéékèèké tó ti dúdú, tí ọ̀kan nínú wọn ní ihò láàárín. 5 Reichsmark kan tún wà tó ń dán yanran, 1938 ni wọ́n kọ sí i, orí Hitler ló sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní ti Hitler yẹn ló ṣọ̀wọ́n jù. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ló níye lórí nínú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí èèwọ̀ nínú kéèyàn máa tọ́jú irú nǹkan báyìí sílé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Ti orí Hitler ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun gan-an ni ẹni yẹn fi gba owó lọ́wọ́ yín. Ayédèrú ni. Láti 1933 tí Hitler gba ìjọba títí di 1945 tí ìjọba náà fi dàwó, wọn ò fi orí rẹ̀ sára ẹyọ owó kankan tí àwọn ará Jámánì ná. Orí rẹ̀ wà lára sítáǹpù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ó tún wà lára mẹ́dáàlì tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń ṣe fún títà, ṣùgbọ́n mẹ́dáàlì kì í ṣe owó, kò sẹ́ni tó lè fi í ra búrẹ́dì. Bí ẹ bá rí ohunkóhun tí wọ́n kọ Reichsmark sí, tí orí Hitler sì wà lára rẹ̀, tí ẹni tó ń tà á ní wọ́n ná an lọ́jà rí, irọ́ ló ń pa tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti purọ́ fún òun náà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ wá ìwọ̀n kékeré bí irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Ojúlówó 5 Reichsmark tó ní orí Hindenburg wúwo tó gíráàmù 13.88, àyàfi tí wọ́n bá ti ná an títí tó fi jẹ díẹ̀. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 29, fàdákà sì ni 900 nínú 1,000 rẹ̀. Ẹ gbé ti bàbá àgbàlagbà yẹn lé ìwọ̀n, kí ẹ wá gbé ti Hitler lé e. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ àwọn méjèèjì, nítorí fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní orí Hitler tí mo ti rí jẹ́ idẹ tàbí irin tí wọ́n fi nǹkan dídán bò lórí. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó wúwo bó ṣe yẹ, tí mágínẹ́ẹ̀tì ò sì fà á, ọ̀rọ̀ mi ò ní yí padà, nítorí kò sí ojúlówó kankan tí a lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tún rí ọkùnrin yẹn lọ́jà, ẹ béèrè owó yín.

Bàbá tó wà lára 5 Reichsmark yín ni Paul von Hindenburg, ọ̀gágun àgbà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tó wá di ààrẹ Jámánì. Òun ló yan Hitler sípò olórí ìjọba ní January 30, 1933. Nígbà tó kú ní August 2, 1934, Hitler so ipò ààrẹ mọ́ tirẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀ ni wọ́n gbé orí rẹ̀ sára owó fàdákà. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ará Jámánì tí ara wọn ò balẹ̀ sí àwọn Násì, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, ló ń bọlá fún Hindenburg, tí wọ́n bá sì ń rí ojú rẹ̀ lára owó, ọkàn wọn á balẹ̀ pé ayé tí wọ́n mọ̀ ló ṣì ń bá a lọ.

Ohun kan náà ni owó Potsdam ti 1934 ń sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ológun tó wà ní Potsdam ni wọ́n yà sára rẹ̀, wọ́n sì kọ March 21, 1933 sí i. Lọ́jọ́ yẹn, Hitler bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ kóòtù dúdú bí ọmọlúwàbí, ó sì tẹrí ba fún Hindenburg lójú àwọn oníròyìn. Nígbà tó di March 23, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé agbára láti ṣòfin lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín ìtẹríba yẹn àti òfin yẹn, ọjọ́ ìtẹríba náà sì wà lára fàdákà títí dòní. Bọ́ǹbù sun ṣọ́ọ̀ṣì náà ní April 1945, ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì wó ohun tó kù nínú rẹ̀ ní 1968. Bí ẹ bá fẹ́ ra owó kan ṣoṣo láti inú ìgbà yẹn kí ẹ lè máa fi sọ ìtàn fún àwọn ọmọ, èyí ni kí ẹ rà. Irú rẹ̀ méjì ló wà nínú 5 Reichsmark, èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ yẹn sí àti èyí tí wọn ò kọ ọ́ sí mọ́. Àkọ́kọ́ ló ṣòro rí ju èkejì lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ohun tó ń mú owó ṣọ̀wọ́n gan-an. Swastika, àmì àgbélébùú ẹlẹ́sẹ̀ kíká ti àwọn Násì, kọ́ o. Ọ̀kẹ́ àìmọye owó tó ní àmì yẹn ni wọ́n rọ, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà sì kó wọn sápò lọ sílé lẹ́yìn ogun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kún inú agolo àti dúrọ́ọ̀ àwọn arúgbó ní Manchester tí ẹ wà yẹn. Ọdún tí wọ́n rọ owó, ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́, àti bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́ tó, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Lẹ́tà kékeré kan wà lára owó kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́. A ni Berlin, D ni Munich, E ni Muldenhütten ní Saxony, F ni Stuttgart, G ni Karlsruhe, J ni Hamburg. B ni Vienna, ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Hitler wọ Austria ní March 1938 ló sì wọ àárín wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé Reichsmark ti 1936 tàbí 1937 tó ní B lára wá bá yín, ẹ dá a padà fún un. Owó ọdún kan náà lè wà lọ́wọ́ yín méjì, kí ti Berlin má ju owó ọúnjẹ ọ̀sán lọ, kí ti Karlsruhe tàbí Muldenhütten sì jẹ́ ohun tí àwọn tó ń kó owó jọ ti ń wá fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá wo lẹ́tà kò tíì wo owó.

Ní ti ojú owó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò Jámánì ṣì yín lọ́nà. Èyí tí wọ́n bá pè ní schön ti jẹ gan-an. Sehr schön jẹ́ èyí tí wọ́n ti ná dáadáa, vorzüglich jẹ́ èyí tí wọ́n ná díẹ̀, Stempelglanz sì ni èyí tó wà bó ṣe jáde nílé ìrọwó.

Ó yá, ẹ yí 5 Reichsmark ti 1936 yín padà, kí ẹ wo ẹyẹ idì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n rọ lọ́dún yẹn. Ti àkọ́kọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1935, kò ní swastika, J.360 ni àwọn oníṣòwò máa ń kọ sí i (J yìí ni Jaeger, ìwé tó to owó Jámánì lẹ́sẹẹsẹ, kì í ṣe lẹ́tà Hamburg). Ti èkejì ní swastika nínú ewé tí wọ́n ká roboto lábẹ́ ẹsẹ̀ idì, wọ́n sì ń rọ ọ́ títí di 1939, J.367 ni tiẹ̀. Ohun tó fà á wà nínú ìtàn. Ní September 15, 1935, ní Nuremberg, wọ́n ṣòfin pé àsíá swastika nìkan ni àsíá Jámánì. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n ṣe òfin tó gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Júù, tó sì ní Júù ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ará Jámánì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àmì náà bọ́ sórí ọ̀pọ̀ owó tuntun, débi pé Júù tó bá fẹ́ ra iyọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kò sí èyí tó ṣọ̀wọ́n nínú oríṣi méjèèjì. Àmọ́ fàdákà ni, kò lè di òfo: gíráàmù 12.5 ni ògidì fàdákà tó wà nínú 5 Reichsmark, gíráàmù 5 ló sì wà nínú 2 Reichsmark ti 1937 yín, nítorí òun wúwo tó gíráàmù 8, tí fàdákà jẹ́ 625 nínú 1,000. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta gíráàmù fàdákà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni san iye tó kéré sí ìyẹn. Nínú àwọn 2 Reichsmark tó ní orí Hindenburg, ti 1936 ló ṣòro rí ju àwọn ọdún yòókù lọ.

1 Reichsmark ti 1939 yín ni mo fẹ́ kí ẹ rọra mú. Níkẹ́lì ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà mágínẹ́ẹ̀tì á fà á, kí àyà yín má já. Láti 1933 ni wọ́n ti ń rọ ọ́, wọ́n sì dáwọ́ dúró ní 1939 tí ogun bẹ̀rẹ̀, torí níkẹ́lì wúlò fún ohun ìjà. Ìjọba wá ń gbà á padà lọ́wọ́ aráàlú. Ti ọdún tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n ń wá jù. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo nọ́ńbà ọdún náà dáadáa, bóyá ẹnì kan ti fín in, torí níbi tí ọdún kan bá ti gbówó lórí ju òmíràn lọ, ẹni tí yóò fẹ́ yí nọ́ńbà padà kì í jìnnà. Bí ó bá mọ́, ẹ wo lẹ́tà rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun nìkan ló san £60 yín padà. Wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ kan sára rẹ̀ lédè Jámánì, pé ire gbogbo ìlú ló ṣáájú ire ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kọ ọ́ ti pinnu ẹni tí wọ́n kà mọ́ ìlú àti ẹni tí wọn ò kà mọ́ ọn.

Àwọn kéékèèké tó dúdú yẹn, síǹkì ni wọ́n. Títí di 1940, idẹ tó ń pọ́n ni wọ́n fi ń rọ Pfennig, owó wẹ́wẹ́ tí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ Reichsmark kan. Nígbà tí ogun gbóná, wọ́n nílò bàbà fún ọta ìbọn, ni wọ́n bá fi síǹkì rọ 1, 5 àti 10 Pfennig, alumíníọ̀mù ni wọ́n sì lò fún 50. Síǹkì kì í pẹ́ bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí èyí tó ṣì mọ́ fi lè gbówó lórí nígbà tí èyí tó dúdú kò tó nǹkan. Bí ẹ bá rí 1945 lára ọ̀kan nínú wọn, tí swastika ṣì wà níbẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Onihò yẹn ní tirẹ̀, bíi ti ọ̀nínì àti kọ́bọ̀ onihò tí àwọn ìyá wa àgbà ń so pọ̀ lókùn, kì í ṣe owó inú Jámánì. Wọ́n rọ ọ́ ní 1940 àti 1941 fún àwọn ọmọ ogun láti ná ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ti 1940 tó ní A lára ló wọ́pọ̀. Bí lẹ́tà tiyín bá yàtọ̀, ẹ má tíì tà á.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo owó ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ kò wọ́n púpọ̀. Lẹ́yìn tí Hitler kú, Reichsmark ni wọ́n ṣì ń ná ní Jámánì títí di June 1948 tí owó tuntun tí wọ́n ń pè ní Deutsche Mark dé. Àwọn ìjọba tó ṣẹ́gun jẹ́ kí wọ́n máa rọ Pfennig onísíǹkì lọ, ẹyẹ idì kan náà, ìrísí kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ swastika kúrò. Ẹ gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ogun, kí ẹ wo àlàfo tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ náà.

Àwọn tó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́ ńkọ́? Nínú owó fàdákà, ẹ rántí ti Schiller, akéwì Jámánì. Ní 1934, tó pé 175 ọdún tí wọ́n bí akéwì náà, Stuttgart nìkan ló rọ owó ìrántí rẹ̀, nítorí náà F ni lẹ́tà rẹ̀. 5 Reichsmark rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100,000 lọ. Owó Martin Luther ti 1933, fún 450 ọdún ìbí rẹ̀, náà ṣòro rí, pàápàá 5 Reichsmark rẹ̀ láti àwọn ilé ìrọwó kéékèèké. Nínú owó wẹ́wẹ́, ẹ wá 5 àti 10 Pfennig tó pọ́n, tó ní 1936 àti swastika lára. Lọ́dún yẹn wọ́n ṣì ń rọ ti àtijọ́, díẹ̀ ni tuntun tó jáde, àwọn lẹ́tà kan nínú wọn sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Owó tí ẹlòmíràn á jù sínú igbá pẹ̀lú àwọn tó kù ni, ojú tó mọ nǹkan nìkan ló lè rí i.

Oríṣi kan ṣì wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ rà láìmọ ibi tó ti wá: owó ìlú Łódź ní Poland. Àwọn Násì há àwọn Júù mọ́ apá kan ìlú náà ní 1940, ó lé ní 160,000 èèyàn. Wọ́n gba owó gidi lọ́wọ́ wọn, wọ́n fún wọn ní owó bébà tí kò wúlò níbòmíràn, kí ẹni tó bá tiẹ̀ sá jáde má lè ra omi mu. Ní 1942 wọ́n rọ 10 Pfennig fún ibẹ̀, ní 1943 wọ́n rọ 5, 10 àti 20 Mark, pẹ̀lú ìràwọ̀ Dáfídì lára. August 1944 ni wọ́n kó àwọn tó kù lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí àwọn Násì ti ń pa èèyàn. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ débi pé mo gbà pé èyí tí ẹ bá rí lọ́jà orí pápá kì í ṣe ojúlówó. Tó bá sì jẹ́ ojúlówó, ọwọ́ ẹnì kan tí wọ́n pa ló ti jáde. Èmi ò rà á. Bí èyí tó dájú bá dé ọwọ́ yín, mùsíọ́mù àwọn Júù ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí.

Ìyẹn mú mi dé ìbéèrè yín nípa èèwọ̀. Kò sí òfin ní Britain tó ní kí ẹ má tọ́jú wọn. Ní Jámánì pàápàá, ẹ lè ní in nílé, ṣùgbọ́n apá 86a nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wọn ka ṣíṣe àfihàn swastika ní gbangba léèwọ̀, àyàfi fún ẹ̀kọ́, ìwádìí àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń bo àmì náà nínú fọ́tò tí wọ́n bá fẹ́ tà. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń tà fún ẹni tó wà ní Jámánì tàbí Austria.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òfin nìkan kọ́ lẹ ń bi mí. Lọ́dún 1937 tí wọ́n kọ sára 2 Reichsmark yín, àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Hitler kó àwọn ọmọ kan ní agbègbè odò Rhine, bíi 400, wọ́n sì fipá ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn kí wọ́n má lè bímọ láé. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé bàbá wọn jẹ́ ọmọ ogun tí ilẹ̀ Faransé kó wá láti Áfíríkà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tó ń ṣàkóso lé lórí, tó bí wọn fún obìnrin Jámánì. Ní June 1940, àwọn ọmọ ogun Hitler to àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó ti juwọ́ sílẹ̀ ní Chasselay, nítòsí Lyon, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó kàn wá ni, kì í ṣe ìjà òyìnbó pẹ̀lú òyìnbó nìkan. Nítorí náà, èmi ò rí èèwọ̀ nínú kí ọmọ Yorùbá tọ́jú owó yìí, tó bá mọ ohun tó mú dání. Ohun tí n kò ní ṣe ni kí n gbé e sí pálọ̀ bí ohun ọ̀ṣọ́, tàbí kí n tà á fún ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ Hitler pẹ̀lú ẹ̀rín ìfẹ́. Irú wọn wà, wọ́n sì ń san owó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Ní ti ìtọ́jú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ wọ́n. Kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́, kì í ṣe eérú, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Mo mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ là ń fi fọ idẹ nílé, ṣùgbọ́n owó àtijọ́ tí wọ́n bá ti fọ̀ pàdánù ọ̀pọ̀ nínú iye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, síǹkì á sì jẹra sínú omi kíkan. Dúdú ara fàdákà yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Létí létí ni kí ẹ ti máa dì wọ́n mú. Ẹ má kó wọn sínú ọ̀rá tó rọ̀ tó ń rùn bí bọ́ọ̀lù tuntun, ó máa ń sọ owó di àwọ̀ ewé tó bá pẹ́. Páálí kékeré tó ní fèrèsé Mylar, ìyẹn ọ̀rá líle tó mọ́ gaara, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì jù àpò kékeré tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ sáàárín wọn, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà. Bí ẹ bá ń ronú láti kó wọn lọ sílé ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta, ọ̀rinrin ìgbà òjò á pa àwọn onísíǹkì náà tí wọn ò bá sí nínú ohun tó dé pinpin.

Ẹ ya fọ́tò 1 Reichsmark ti 1939 yẹn lójú méjèèjì, kí lẹ́tà rẹ̀ hàn kedere, kí ẹ sì ya ti onihò náà. Ẹ fi han oníṣòwò owó àtijọ́ méjì, kí ẹ má sọ iye tí ẹnì kìíní dá fún ẹnì kejì.